Láti Inú Ike Bọ́ Sínú Ilẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Lílọ́ Igi Ọsàn sí Ọgbà Ilé

Lílọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ń pe iṣẹ́ ṣíṣí ohun ọ̀gbìn kúrò níbi tó ti hù lọ síbi tí yóò gbé dàgbà, ata àti tòmátì ni ọ̀rọ̀ náà sì sábà máa ń mú wá sọ́kàn, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í pẹ́ gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Ti ọsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Igi tó ti lo ọdún kan tàbí méjì nínú ike, tàbí nínú ọ̀rá dúdú tí àwọn olùta igi ẹ̀bá títì ń lò, ti fi gbòǹgbò rẹ̀ kọ́ ìgbé ayé ibi tóóró, nígbà tí wọ́n bá sì gbé e wọ inú ilẹ̀, ewé rẹ̀ lè máa tutù yọ̀yọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ tó fojú hàn. Bóyá èyí ló fà á tí ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ náà fi pọ̀, tí wọ́n sì ń tako ara wọn: àwọn kan ní kí olùgbìn kó ìgbẹ́ adìyẹ sínú ihò, àwọn mìíràn ní kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún un, àwọn kan ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gbòǹgbò, àwọn mìíràn ní kí ó fi ọ̀bẹ là á. Èrò àgbéyẹ̀wò yìí ni pé púpọ̀ nínú àríyànjiyàn náà yóò tú bí a bá kọ́kọ́ wádìí bí omi ṣe ń rìn láàárín iyẹ̀pẹ̀ inú ike àti ilẹ̀ ọgbà, àti pé ìkẹ́ àṣejù ń ṣe igi tuntun ní ibi tí àìbìkítà kò ṣe é.

Ó yẹ kí ààlà ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ hàn. Ọsàn níhìn-ín kó ọsàn dídùn, tanjaríìnì, gerépù, lẹ́mọ́ọ̀nù àti òroǹbó wẹ́wẹ́ pọ̀, nítorí pé ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, ewé wọn sì máa ń ta sánsán bí wọ́n bá fi ọwọ́ ra á. Agbálùmọ̀, tí àwọn Yorùbá kan tún ń pè ní ọsàn, kò sí nínú ẹbí yìí. Ìwádìí lórí àbùdá ẹbí náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé ẹsẹ̀ òkè Himalaya ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn ni ó ti ṣẹ̀, àti pé ọsàn dídùn fúnra rẹ̀ kì í ṣe igi tó dá wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àdàlù ni láàárín irú tanjaríìnì kan àti pómẹ́lò, ìyẹn ọsàn ńlá tí èèpo rẹ̀ nípọn. Ilẹ̀ olóòjò tó móoru, tí omi kì í dúró sí, ni ẹbí yìí ti jáde, ìtàn yìí sì wúlò ju ìtàn lásán lọ fún ẹni tó ń wá ibi tí yóò gbin tirẹ̀ sí.

Àmọ́ kì í ṣe láti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tó wà nínú ìwé lórí ọsàn inú ìkòkò ti wá. Láàárín ọdún 1684 sí 1686 ni Jules Hardouin-Mansart kọ́ ilé ọsàn sí ààfin Versailles fún Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé, iṣẹ́ ilé náà sì ni láti gba àwọn igi ọsàn inú àpótí sílé nígbà òtútù, kí wọ́n tún tì wọ́n jáde nígbà tí ojú ọjọ́ bá yá gágá. Fún irú olùgbìn bẹ́ẹ̀ ìkòkò kì í ṣe ibùdókọ̀ tí igi ń dúró sí de ilẹ̀, ilé rẹ̀ títí ayé ni. Bákan náà ló rí fún ọmọ Yorùbá tó gbin lẹ́mọ́ọ̀nù sí ẹ̀bá fèrèsé ní London, tí kò ní ìdí kankan láti fi í sílẹ̀ síta kí yìnyín wá pa á. Ẹni tó sì wà ní Houston, tó ní ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ní láti rántí òtútù oṣù Kejì ọdún 2021 tó run igi ọsàn púpọ̀ ní Texas. Nígbà tí àwọn ìwé wọ̀nyí bá dé Ìbàdàn tàbí Porto-Novo, ìbẹ̀rù òtútù tó kún inú wọn di ẹrù tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa rù. Ohun tí igi ọsàn ní láti bẹ̀rù ní ilẹ̀ Yorùbá ni ọyẹ́ àti omi tó dúró sí ìdí rẹ̀.

Kí ó tó di ọ̀rọ̀ ihò, olùgbìn ní láti mọ ohun tí ó rà. Ọ̀pọ̀ igi ọsàn tí wọ́n ń tà lónìí jẹ́ igi méjì nínú ọ̀kan: igi abẹ́, tí ó ní gbòǹgbò, àti igi òkè, tí ojú rẹ̀, ìyẹn ọ̀mùnú kékeré tó máa ń yọ ní ìsàlẹ̀ ewé, ni wọ́n gé, tí wọ́n fi ọ̀bẹ la èèpo igi abẹ́, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, tí wọ́n fi ọ̀rá dì í títí ó fi jinná. Ní Nàìjíríà, lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo ṣákaṣàka ni ó sábà máa ń jẹ́ igi abẹ́, nígbà tí irú ọsàn dídùn bíi ti Àgége tàbí Etinan máa ń wà lókè. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀gbìn Èso àti Ewébẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NIHORT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, wà lára àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ọsàn alẹ̀mọ́. Yíyan lẹ́mọ́ọ̀nù yìí kì í ṣe èèṣì. Ní àwọn ọdún 1930 àti 1940, àrùn kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tí àwọn kòkòrò tíńtín afàmumu sì ń gbé kiri, pa igi ọsàn ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù ní Brazil àti Argentina, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní tristeza, ìyẹn ìbànújẹ́ ní èdè Potogí. Àwọn igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ọsàn kíkan ni ó pa, lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo ṣákaṣàka sì wà lára àwọn igi abẹ́ tó fara dà á. Ó tún lágbára láti wá omi nínú ilẹ̀ oníyanrìn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìdí rẹ̀ tètè máa ń jẹrà bí omi bá dúró sí i, ìwà yìí ni ó sì máa pàṣẹ bí ihò ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀.

Igi tí wọ́n fi hóró gbìn náà wà, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń sọ pé èso rẹ̀ kò lè dùn. Ẹ̀sùn yìí kò tọ́ sí ọsàn dídùn, nítorí pé nínú hóró rẹ̀ ni ọmọ ti máa ń ju ẹyọ kan lọ, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí sì yọ láti ara ìyá nìkan láìsí ọwọ́ akọ níbẹ̀, tí wọ́n fi jọ ìyá wọn bí ìbejì. Pípẹ́ ni ìṣòro rẹ̀: igi alẹ̀mọ́ lè so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ti hóró lè gba ọdún méje sí mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ẹ̀gún gígùn tó máa ń dá sẹ̀ríà fún ẹni tó bá fẹ́ gùn ún.

Ní ti àkókò, àríyànjiyàn kò pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Òjò gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà pín sí méjì: àkọ́rọ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin tí ó sì ń rọ̀ dé oṣù Keje, àti àrọ̀kúrò, láti oṣù Kẹsàn-án dé òpin oṣù Kẹwàá, pẹ̀lú ìdákẹ́ òjò oṣù Kẹjọ láàárín wọn. Igi tí wọ́n lọ́ nígbà tí àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún yóò ní bí oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà láti fi gbòǹgbò wá ọ̀nà kí ọyẹ́ tó dé, nígbà tí èyí tí wọ́n lọ́ nínú àrọ̀kúrò ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Àwọn tó ní kànga tàbí ẹ̀rọ omi máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, torí pé ọwọ́ wọn ni omi wà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ń bu omi lójoojúmọ́ yóò rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ọjọ́ náà sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ọyẹ́ mú jù. Ohun tó tún yẹ ní ṣíṣọ́ra fún ni gbígbẹ́ ihò lẹ́yìn òjò ńlá ní ilẹ̀ alámọ̀, nítorí pé ṣọ́bìrì máa ń dán ara ihò bí ẹni fi amọ̀ rẹ́ ògiri, gbòǹgbò tí kò lágbára kò sì ní lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, kí olùgbìn fi etí ọkọ́ họ ara ihò náà títí yóò fi rí ṣákaṣàka. Igi tó ti wà lábẹ́ ibòji lọ́dọ̀ olùta kò tún gbọdọ̀ bá oòrùn ọ̀sán pàdé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí kò ṣe pé kí wọ́n máa sún un díẹ̀díẹ̀ sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nígbà tó ṣì wà nínú ike rẹ̀.

Ibi tí yóò dúró sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹwà pinnu. Ọsàn ń fẹ́ oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, bí àwọn oko ńlá bá sì ń fi mítà méje síra láàárín igi kan àti èkejì, ọgbà ilé lè fi mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún ya igi sọ́tọ̀ kúrò lára ògiri, kí ó sì jìnnà sí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewu kan wà tí ìwé ilẹ̀ òkèèrè kì í sábà sọ, tó sì wọ́pọ̀ ní àwọn ilé tuntun: àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti àjẹkù sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Sìmẹ́ǹtì máa ń lé kíkan ilẹ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọsàn fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, tí òṣùwọ̀n pH rẹ̀ wà ní bíi 5.5 sí 6.5; nígbà tí òṣùwọ̀n náà bá gòkè jù, irin tó wà nínú ilẹ̀ kò ní ṣe é mu fún gbòǹgbò mọ́, ewé tuntun yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí iṣan rẹ̀ nìkan yóò ṣì tutù, olùgbìn yóò sì máa da ajílẹ̀ lé ajílẹ̀ láìmọ̀ pé ohun tí igi náà ń kú lọ fún kò jìnnà sí i. Bí igi bá sì wà lẹ́bàá ọgbà tó kọjú sí ìgboro, kí onílé rántí pé ọmọ ọsàn ní í kó pọ́npọ́n bá ìyá rẹ̀; àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń sọ òkò máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka tó so ju èyí tí kò so lọ.

Ọ̀rọ̀ ihò ni ó gba àlàyé jù. Ìmọ̀ràn àtijọ́, tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùta igi, ni pé kí ihò jìn, kí wọ́n sì fi ilẹ̀ ààtàn àti ìgbẹ́ adìyẹ kún un, kí igi lè bá oúnjẹ nílẹ̀. Èrò náà bá ìwà ọmọlúàbí mu, àlejò ni igi, ó sì yẹ kí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò mọ ọmọlúàbí. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, Carl Whitcomb, onímọ̀ ọ̀gbìn tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó fi ìdánwò ṣàyẹ̀wò àṣà yìí lára oríṣiríṣi igi, tí wọ́n rí i pé èyí tí wọ́n fi ilẹ̀ tí wọ́n wú jáde gan-an bò padà kì í sábà rẹ̀yìn sí èyí tí wọ́n se àsè fún. Ìdí rẹ̀ wà nínú omi. Nínú ilẹ̀ alámọ̀, ihò tí wọ́n fi ilẹ̀ tó fúyẹ́ kún máa ń di ìkòkò tí kò ní ojú ihò nísàlẹ̀: òjò yóò rọ̀ wọ inú rẹ̀, amọ̀ tó yí i ká kò ní jẹ́ kó jáde, gbòǹgbò yóò sì rì. Gbòǹgbò náà pẹ̀lú kò ní fẹ́ jáde kúrò nínú ilẹ̀ dídùn yẹn, yóò kàn máa yí po nínú rẹ̀ bí ó ti ṣe nínú ike. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù tún burú ju èyí lọ, nítorí pé iyọ̀ àti ooru inú rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò tí kò tíì le.

Ìdàkejì ìṣòro náà ni ó fara sin jù. Iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá sábà máa ń fúyẹ́ ju ilẹ̀ ọgbà lọ, nítorí pé olùta ti po lẹ́búlẹ́bú pákó tàbí èèpo ìrẹsì mọ́ ọn kó lè rọrùn láti gbé. Nígbà tí odindi ìṣù iyẹ̀pẹ̀ yìí bá bọ́ sáàárín ilẹ̀ tó wúwo, ilẹ̀ náà yóò máa fa omi inú rẹ̀ jáde ju bí ó ṣe ń fi omi fún un lọ, tó fi jẹ́ pé olùgbìn lè ti ìka bọ ilẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí igi, kí ó rí i pé ó tutù, kí igi náà sì máa gbẹ lọ nínú erékùṣù iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tirẹ̀. Fún ìdí yìí, ìdí igi gan-an, níbi tí gbòǹgbò ṣì wà, ni omi ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé. Àwọn olùgbìn kan ní California tilẹ̀ máa ń fi omi fọ púpọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò kúrò kí gbòǹgbò lè bá ilẹ̀ tuntun lọ tààrà. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ní ọwọ́ ẹni tí kò ṣe é rí, ewu rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Kí wọ́n gbọn díẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ti tó.

Gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni ó máa sọ bóyá ọ̀bẹ yẹ. Bí wọ́n bá bọ́ ọ̀rá kúrò tí wọ́n rí i pé gbòǹgbò ti yí po bí òṣùká, kí wọ́n má ṣe ṣàánú rẹ̀, nítorí pé òṣùká náà kò ní tú fúnra rẹ̀ nínú ilẹ̀. Lílà á ní òòró ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n sì gé èyí tó dì mọ́ra nísàlẹ̀ kúrò, ni yóò mú kí tuntun yọ síta. Bí kò bá tíì yí po, kí ọ̀bẹ sinmi. Òmíràn tún wà tí ẹni tó ń ra igi lẹ́bàá títì gbọ́dọ̀ ṣọ́: igi tó ti pẹ́ lórí ìlà kan náà lè ti fi olórí gbòǹgbò rẹ̀ gún ọ̀rá wọ inú ilẹ̀ olùta, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ yẹn ló ń bọ́ ọ; bí olùta bá fà á tu, gbòǹgbò náà yóò já, igi tó dùn ún wò lọ́jọ́ náà yóò sì rọ lọ́jọ́ kejì. Kí olùrà gbé ọ̀rá náà sókè díẹ̀ kí ó tó sanwó. Bákan náà, èso tó so sórí igi inú ọ̀rá kì í ṣe ẹ̀rí agbára, nítorí pé ara igi tó ti dàgbà ni wọ́n ti gé ojú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè tanná kí gbòǹgbò rẹ̀ tó tó nǹkan. Yíyọ irú èso bẹ́ẹ̀ kúrò ní ọdún àkọ́kọ́ máa ń dun àwọn onílé, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Jíjìn ihò kò gbọdọ̀ ju gíga ìṣù iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá lọ, ìbú rẹ̀ ni ó yẹ kó tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ilẹ̀ tí wọ́n wú kọjá ìsàlẹ̀ ìṣù náà yóò rì padà, igi yóò sì bá a rì, nítorí náà ni àwọn olùgbìn tó mọṣẹ́ ṣe máa ń jẹ́ kí orí ìṣù yọ ga ju ilẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ìka méjì. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, tí a máa ń rí bíi kókó tàbí ìtẹ̀sí díẹ̀ lára igi, gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá. Bí ilẹ̀ bá bò ó, igi òkè lè ta gbòǹgbò tirẹ̀, gbogbo ààbò tí igi abẹ́ ń ṣe yóò sì di asán. Bí omi bá sì ń dúró sí ìdí igi, ohun alààyè kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi inú ilẹ̀, yóò wọ èèpo rẹ̀, oje yóò máa jáde, èèpo yóò máa bọ́, títí yóò fi yí igi po. Fún ìdí kan náà, koríko gbígbẹ tí wọ́n fi ń bo ilẹ̀ kí oòrùn má bàa fa omi inú rẹ̀ gbẹ gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n ọwọ́ kan jìnnà sí ara igi.

Ìtọ́jú ẹ̀yìn ìgbà náà kò ní kí ènìyàn gbówó ńlá jáde. Omi lítà mẹ́wàá ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta bí òjò kò bá rọ̀ lóṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ó máa pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, kí àárín rẹ̀ sì máa jìnnà. Ajílẹ̀ díẹ̀, nígbà tí ewé tuntun bá ti yọ tó sì le, tí wọ́n fọ́n jìnnà sí ìdí igi. Bí ewé àtijọ́ mélòó kan bá já ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò tíì di ẹjọ́. Èyí tó ń di ẹjọ́ ni ọ̀mùnú tó ń yọ láti ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, nítorí pé lẹ́mọ́ọ̀nù abẹ́ kò gbàgbé pé igi lòun náà, ó sì máa ń dàgbà kíákíá ju ọsàn orí rẹ̀ lọ. Onílé tó bá rí ẹ̀ka tó ń ga fíofío, tí ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀, tó sì ń yọ̀ pé ọsàn òun ń ṣe dáadáa, ń bọ́ igi tí kò rà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan yóò ká èso kíkan, yóò sì sọ pé olùta rẹ́ òun jẹ, tàbí pé ilẹ̀ ló sọ ọsàn dídùn di lẹ́mọ́ọ̀nù. Fífi ọwọ́ já irú ọ̀mùnú bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀ ti tó.

Ti kòkòrò kò ní pẹ́. Ìdin labalábá ńlá aláwọ̀ dúdú àti ìyeyè ni yóò kọ́kọ́ jẹ ewé igi kékeré. Ó máa ń jọ ìgbẹ́ ẹyẹ nígbà èwe rẹ̀, bí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn án, yóò yọ ìwo rírẹ̀dòdò méjì tó ń rùn jáde, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣà á. Èèrà pupa tó ń hun ewé pọ̀ fi kọ́lé máa ń pa irú rẹ̀ jẹ; ìwé kan ní Ṣáínà, tí wọ́n kà sí ti ọdún 304, ti sọ̀rọ̀ nípa títa irú èèrà bẹ́ẹ̀ nínú àpò fún àwọn ọlọ́sàn. Àfòmọ́, tí àwọn oníṣègùn ń wá kiri, jẹ́ ọlọ́ṣà lórí ẹ̀ka ọsàn, gígé ẹ̀ka náà kúrò ni ó sì gbéṣẹ́. Ẹ̀rù tó tóbi jù wà lọ́nà ibòmíràn: àrùn tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní dírágónì aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n rí ní Florida ní ọdún 2005, wà lára ohun tó mú kí ìkórè ọsàn níbẹ̀ já láti bíi mílíọ̀nù 240 àpótí ní sáà 2003 sí 2004 wá sí ohun tí kò tó mílíọ̀nù 20 ní sáà 2023 sí 2024. Nítorí náà, ẹ̀ka ọsàn tí ènìyàn rọra ká láti Amẹ́ríkà bọ inú àpò ìrìnàjò kì í ṣe ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni, òfin sì kọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ.

Bí gbogbo èyí bá lọ déédéé, èso àkọ́kọ́ tó ṣeé jẹ lè dé ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, ọ̀pọ̀ onílé yóò sì máa dúró dè é kí ó pọ́n bí èyí tó wà nínú àwòrán ara páálí. Òtútù òru ló ń mú kí èèpo ọsàn pọ́n, òru Ìbàdàn kò sì tutù tó. Ọsàn tó ti gbó tó sì dùn lè ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé, tàbí kí ó kàn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní apá kan, ẹni tó bá sì ń dúró de àwọ̀ yóò bá a lórí igi nígbà tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ.